Ẹ bá mi dá eṣinṣin yìí mọ̀: ìdílé Platystomatidae ni àbí ìdílé Tephritidae?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kòkòrò, ẹ jọ̀ọ́. Abo eṣinṣin kan ṣoṣo ni, láti inú pákúté Malaise (àgọ́ àwọ̀n tí a fi ń mú kòkòrò tó ń fò) létí odò kan nínú igbó erékùṣù Sulawesi, ní Indonéṣíà. Ó gùn ní milimítà 9, ara rẹ̀ dúdú, ọ̀já dúdú 3 sì dábùú ìyẹ́ rẹ̀.

Iṣan Sc, ìyẹn iṣan kan nítòsí etí iwájú ìyẹ́, ló fa ìbéèrè yìí. Nínú Tephritidae, Sc máa ń ṣẹ́ kọrọ́ bí ìgbọ̀nwọ́, á sì pòórá kó tó kan etí ìyẹ́. Ti èyí rọra tẹ̀ ni, ó sì dé etí gan-an. Irun wẹ́wẹ́ wà lórí R1 (iṣan tó tẹ̀lé Sc), èyí tí kì í sábà sí lára Ulidiidae, ìdílé eṣinṣin mìíràn tó jọ wọ́n. Kò sí irun gíga níwájú orí. Inú ọtí ìdá 70 nínú 100 ló wà, irun sì máa ń já nínú ìgò, nítorí náà mo wá ojú ihò irun lábẹ́ maikirosíkópù. Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Platystomatidae ni mo fọkàn sí.

Kí ni kí n tún wò láti mọ ẹ̀yà rẹ̀ gan-an? Ṣé ó di dandan kí n yọ ọ̀pá ìyéyin rẹ̀ sínú KOH (èròjà tí ń jẹ ẹran ara kúrò)? Ẹyọ kan péré ni, mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Bí mo bá sì kàn sá a gbẹ, ojú àti ikùn rẹ̀ á wọnú.