Ọkọ̀ wà lọ́wọ́, táítù kò sí: ẹni tó ti gba bonded title rí, ẹ sọ bó ṣe rí fún yín

Ìyá Ìbejì, Houston:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kò ní táítù, ìyẹn ìwé tó fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn, ń da ọ̀pọ̀ láàmú, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ló jẹ wá lówó. Nígbà tó ń kó ẹrù padà sí Ìbàdàn, ó ní ká gba Corolla òun fi dí gbèsè náà. Ó buwọ́ lùwé pé òun ti tà á fún wa, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́, ó wọ bàálù lọ. Ìgbà tí a dé tax office Harris County, níbi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sí orúkọ ẹni, ni wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n ní orúkọ tó wà lórí ọkọ̀ kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ wa rárá. Ọ̀gbẹ́ni ti ra ọkọ̀, ó ń wà á káàkiri, kò gbé e sí orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ ẹni tó tà á fún un ló fi ń gba sítíkà lọ́dọọdún!

Ohun tí ìbá rọrùn jù ni kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ gba ẹ̀dà táítù fún wa. Fọ́ọ̀mù VTR-34 ni ní Texas, $2 tó bá fi ránṣẹ́, $5.45 tó bá lọ fúnra rẹ̀. A kọ lẹ́tà sí ilé tí ọ̀rẹ́ wa ti lọ gbé ọkọ̀ náà. Lẹ́tà padà wá bá wa, wọ́n ní ẹni náà ti kó lọ.

Ibẹ̀ la ti ya sí ọ̀nà bọ́ǹdì, ìyẹn bonded title: táítù tí ìjọba ń fún ẹni tí kò rí ìwé ọkọ̀ gbà, tí ilé iṣẹ́ kan bá fi bọ́ǹdì ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Inú fọ́ọ̀mù VTR-130-SOF lẹ máa ro ẹjọ́ yín sí: bí ọkọ̀ ṣe dé ọwọ́ yín, ọwọ́ ta lẹ ti gbà á, kí ló dé tí ìwé ò fi sí. Ẹ kó o pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ yín àti ìwé ìtajà lọ sí Regional Service Center ti TxDMV, ilé iṣẹ́ ìjọba Texas tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, kì í ṣe tax office o, ẹ san $15. Tí ọ̀rọ̀ yín bá yé wọn, wọ́n á fún yín ní lẹ́tà tó sọ iye bọ́ǹdì tí ẹ máa gbà. Iye tí ìjọba ka ọkọ̀ sí ni wọ́n á mú, wọ́n á tún fi ìdajì rẹ̀ lé e. Wọ́n ka tiwa sí $4,200, bọ́ǹdì wá di $6,300. Ọkọ mi pariwo. Mo ní kó fara balẹ̀, ta ló ní kó san $6,300? Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún wa títí dé iye yẹn. $100 la san fún wọn.

Ọ̀dọ̀ ajẹ́ńtì kan ní Bissonnet la ti gbà á. A gbé e dé tax office, obìnrin tó dá wa lóhùn fi ìka tẹ̀ lé VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, lórí bọ́ǹdì lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo mẹ́tàdínlógún, ó ń fi wé ti inú lẹ́tà TxDMV. Ìka dúró. Ibi tó yẹ kí òdo wà, lẹ́tà O ni ajẹ́ńtì tẹ̀ síbẹ̀. VIN kì í ní O, kì í ní I, kì í ní Q, nítorí kí ènìyàn má baà ṣì wọ́n mú fún nọ́ńbà ni wọ́n ṣe yọ wọ́n. Ẹni tó ń fi bọ́ǹdì ọkọ̀ jẹun ni kò mọ èyí! Bẹ́ẹ̀ 30 ọjọ́ péré lẹ ní láti ọjọ́ tí ẹ ra bọ́ǹdì kí ẹ fi kó gbogbo ìwé dé tax office. Ajẹ́ńtì tún fẹ́ gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ wa. Mo ní lọ́wọ́ ta?

Ó yọrí ṣá. Ẹ múra sílẹ̀ fún owó orí ọkọ̀ rírà náà, 6.25% ni, ẹ má sì rò pé ẹ lè kọ owó táṣẹ́rẹ́ sínú ìwé ìtajà. Tí iye tí ẹ kọ kò bá tó 80% iye tí ìjọba ka ọkọ̀ sí, 80% yẹn ni wọ́n á fi ṣírò.

Àbúrò Arlington:

Ẹ ṣé gan-an mà. Bàbá mi ló di olóògbé, ọkọ̀ wọn wà ní gáréèjì, a wá táítù tì. Ṣé bọ́ǹdì náà ni àwa máa gbà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Katy:

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má tíì fọwọ́ kan bọ́ǹdì. Tí bàbá ò bá kọ ìwé ìhágún, tí ẹ ò sì gbé ọ̀rọ̀ ogún lọ sí kóòtù, affidavit of heirship, ìwé ìbúra àwọn ajogún, ni kẹ́ ẹ béèrè, fọ́ọ̀mù VTR-262. Òun la lò nígbà tí ìyá wa kú. Gbogbo ajogún ló máa buwọ́ lù ú níwájú notary, ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé. Àbúrò wa tó wà ní Maryland buwọ́ lu tirẹ̀ lọ́hùn-ún, ó fi ránṣẹ́. Wàhálà wa ò ju pé ẹ̀gbọ́n wa kan kọ́kọ́ ní òun ò buwọ́ lu nǹkan kan àfi ká sọ ẹni tó máa gbé ọkọ̀ náà, ìyẹn sì ti di ọ̀rọ̀ ẹbí.

Àṣàkẹ́ Ẹ̀gbá:

Ẹ gbọ́ tèmi náà, èmi ni wọ́n fi bọ́ǹdì gba ọkọ̀ mọ́ lọ́wọ́. Mo lọ sìnkú ní Abẹ́òkúta, mo gbé van mi kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tí mo pè ní ọmọ ìyá. Nígbà tí mo dé, van ò sí. Ó ti tà á! Ẹni tó rà á ò rí táítù gbà, ó ro ẹjọ́ fún TxDMV, ó gba bonded title lórúkọ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, táítù gidi wà nínú àpò ìwé mi nílé.

Mo gba lọ́yà. Ohun tó là mí lójú ni pé irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni òfin Texas ṣe ní kí wọ́n gba bọ́ǹdì náà. Ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó yá wọn lówó lórí ọkọ̀, títí dórí ẹni tó bá rà á lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni tí táítù yẹn bá pa lára lè béèrè owó lórí bọ́ǹdì láàárín ọdún mẹ́ta. Owó lọ́yà wà nínú ohun tí wọ́n ń san, àmọ́ àpapọ̀ rẹ̀ kò lè kọjá iye tó wà lórí bọ́ǹdì. Ilé iṣẹ́ tó gbọ̀wọ́ yẹ gbogbo ìwé mi wò fínnífínní kí wọ́n tó sanwó fún mi.

Wọ́n wá kọjú sí ẹni tó ra bọ́ǹdì. Ó ti buwọ́ lùwé pé ohunkóhun tí wọ́n bá san nítorí òun, òun á dá a padà, kò sì sí ọ̀nà àbáyọ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé bọ́ǹdì dà bí ìnṣọ́ránsì tí ẹ fi ń wakọ̀, ẹ ka ìwé tí ẹ ń buwọ́ lù. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí, nítorí wọ́n lu òun náà ní jìbìtì ni. Ẹni tó tà á fún un, a ò rí i mú títí dòní.

Ará Atlanta:

Ti Georgia yàtọ̀ o. Ọdún mẹ́rin ni bọ́ǹdì tiwa ń lò. Ẹ má fi ìṣirò Texas wá sọ́dọ̀ wa.

Ọlọ́jà Tòkunbọ̀:

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó, kó yáa tètè bẹ̀rẹ̀. Mo gbé Sienna kan lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wa fọkọ̀ ránṣẹ́, ìwé ìtajà nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó kéré tán, kó ku wákàtí 72 kí ọkọ̀ ojú omi gbéra, táítù gbọ́dọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà. Mo lọ gba bọ́ǹdì. Nígbà tí táítù jáde, wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n owó ibi tí mo gbé ọkọ̀ pamọ́ sí ti jẹ èrè orí rẹ̀ tán.

Ìyá Ìbejì, Houston:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀gá Mẹ́káníìkì, ẹ̀yin lẹ ní ẹ ní ọ̀rọ̀ Louisiana lẹ́nu níjọ́sí.

Mẹ́káníìkì Pearland:

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Camry kan ni, Louisiana ló ti wá, mo rà á láti tún un ṣe kí n tà á. Mo lérò pé ọlọ́pàá ló máa dà mí láàmú, torí ọkọ̀ tó bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá, ọlọ́pàá tó mọ̀ nípa olè ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ VIN rẹ̀ wò, kó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù VTR-68-A. Ìyẹn ò le. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú gíláàsì iwájú, ó wo ara ilẹ̀kùn, ó buwọ́ lù ú.

Gbèsè ló mú mi. Báǹkì kan ti yá ẹnì kan lówó lórí ọkọ̀ náà, gbèsè ò sì tíì pé ọdún mẹ́wàá nínú ìwé, TxDMV ní àwọn ò lè fún mi ní lẹ́tà bọ́ǹdì àfi tí mo bá mú ìwé wá pé gbèsè ti tán. Mo pe báǹkì, báǹkì mìíràn ti gbé e mì. Àwọn tó gbé e mì ní àkáǹtì náà ti parí tipẹ́, kò sí gbèsè kankan, àmọ́ àwọn ò lè bá mi sọ̀rọ̀ torí kì í ṣe èmi ni mo yáwó. Mo bẹ obìnrin tó gbé fóònù pé kí wọ́n ṣáà kọ ohun tó sọ fún mi yẹn sórí ìwé tó ní orúkọ báǹkì wọn. Ó ní kí n kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka tó ń rí sí i, mo ti kọ ọ́. Camry wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti dá múṣémúṣé, oníbàárà ti wo ọkọ̀, ó ní òun ò ní san kọ́bọ̀ títí wọn á fi dáhùn.