NVDA àti sáfà Linux: top ń pariwo, nano ò sì yé mi

Akẹ́kọ̀ọ́Linux
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Windows 11 àti NVDA (screen reader, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síni létí) ni mò ń lò, ssh tó ń jẹ́ kéèyàn pàṣẹ fún ẹ̀rọ tó wà níbòmíràn ni mo sì fi ń wọ sáfà Ubuntu (irú Linux kan) tí mo fi ń kọ́ṣẹ́. Bí mo bá ti tẹ top báyìí, àṣẹ tó ń fi iṣẹ́ tí sáfà ń ṣe hàn, NVDA á bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà láìdákẹ́. Nínú nano tí mo fi ń tún fáìlì ṣe, n kì í mọ ìlà tí mo wà. Ṣé kí n lọ fi screen reader sórí sáfà ọ̀hún ni?

Àgbọ́yé
Rárá o. Ọ̀rọ̀ lásán ni sáfà ń fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà iwájú yín ló ń kà á sí yín létí. Speakup àti Orca, àwọn screen reader ti Linux, wà fún ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ Linux gan-an.

Top burú fún etí torí pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́ta ló ń tún gbogbo rẹ̀ kọ, NVDA á sì rò pé ọ̀rọ̀ tuntun dé. Ẹ ní kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré:

`top -b -n 1 | head -n 15`

Bó bá jẹ́ ohun tó ń jẹ mẹ́mórì lẹ ń wá:

`ps -eo pid,pmem,comm --sort=-pmem | head -n 6`

Àkọlé kan, ìlà márùn-ún, ó parí. Ojú lè fò kọjá lórí ogójì ìlà. Etí gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ tán.

Ẹ fi `export SYSTEMD_PAGER=cat` sínú ~/.bashrc, kí systemctl (tó ń darí iṣẹ́ sáfà) àti journalctl (tó ń fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn) má baà há yín mọ́ inú less, ètò tó ń fi èsì hàn ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí èsì àṣẹ kan yóò bá gùn, ẹ fi `> esi.txt 2>&1` sí ìdí rẹ̀, kó lè lọ sínú fáìlì. `wc -l esi.txt` á sọ iye ìlà, `grep -n -i error esi.txt` á sọ ibi tí wàhálà wà, `sed -n '40,45p' esi.txt` á ka ibẹ̀ nìkan.

rootkékeré
Ní ti nano, Ctrl+C ló ń sọ nọ́ńbà ìlà. Kì í pa á, ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ pa Num Lock, kẹ́ ẹ máa fi 7, 8 àti 9 apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù ka ìlà tó ṣáájú, èyí tẹ́ ẹ wà, àti èyí tó kàn. Ẹ tẹ 8 lẹ́ẹ̀mejì, á pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tẹ Enter lórí rm, àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́, láìṣe bẹ́ẹ̀: `rm -r /srv/atijo` àti `rm -r /srv/ atijo` dún bákan náà, ṣùgbọ́n èkejì á gbé gbogbo /srv lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́Linux
Ẹ ṣé gan-an. Tí mo bá gbé fáìlì wá sórí Windows láti tún un ṣe ńkọ́?

rootkékeré
Kò burú, scp, àṣẹ tó ń fi ssh gbé fáìlì, á gbé e lọ, á gbé e bọ̀. Àmọ́ àwọn ètò ìkọ̀wé Windows kan máa ń fi \r (àmì kan tí kì í hàn) sí ìparí ìlà, bash tó ń gba àṣẹ lórí Linux á wá kọ̀, á ní "bad interpreter". `sed -i 's/\r$//'` pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà ni oògùn rẹ̀.

Àgbọ́yé
Ohun kan kù. Bẹ́ ẹ bá yí ètò ssh sáfà padà, sshd -t ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, kì í fọhùn, ẹni tó ń fetí ṣiṣẹ́ ò sì lè mọ ohun tí ìdákẹ́ yẹn jẹ́. `sudo sshd -t && echo O dara` ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má sì ti fèrèsé àkọ́kọ́ títí ssh kejì á fi wọlé.

Bó bá jẹ́ netplan, tó ń ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ubuntu, lẹ yí padà, `sudo netplan try` á dá ohun gbogbo padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 120 bẹ́ ò bá tẹ Enter. Ó máa ń ka àáyá wọ̀nyẹn sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ tẹ NVDA+5 (bọ́tìnnì NVDA pẹ̀lú 5 tó wà lókè àwọn lẹ́tà) kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kí NVDA lè dákẹ́. Ẹ tún un tẹ̀ lẹ́yìn náà.