Kí a tó ra Cadillac tàbí Lincoln: iye tí a ó rí gbà nígbà tí a bá fẹ́ tà á ńkọ́?

Olùbéèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa àti gbogbo ará. Amẹ́ríkà níbí ni mo ń gbé, mo sì ń gbèrò láti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ó gbáfẹ́ díẹ̀, irú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú àwọn ọkọ̀ olówó ńlá, bíi Cadillac CT4 tuntun tàbí Lincoln MKZ àlòkù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní Lexus nìkan ni kí n rà, nítorí pé ọkọ̀ Amẹ́ríkà kì í mówó wá tí ènìyàn bá fẹ́ tà á. Díálà tí mo lọ bá ní tirẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni mo fẹ́ fi lò ó kí n tó pààrọ̀ rẹ̀, owó báńkì ni mo sì fẹ́ fi rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀, ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn?

Ẹ̀gbọ́n Onímọ́tò:

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó buwọ́ lùwé. Òótọ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ délẹ̀. Iye àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń já wálẹ̀ kíákíá ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tí ó rà á ní tuntun ni ó sì máa ń jẹ gbèsè ìjáwálẹ̀ yẹn. Bí o bá dúró títí ẹni àkọ́kọ́ fi san án tán, ọkọ̀ kan náà tí ó pa òun lówó yóò di ọjà ẹ̀dínwó fún ọ. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ pinnu ni ọjọ́ orí tí ọkọ̀ náà yóò ní nígbà tí o bá gbà á, àti ọjọ́ orí tí yóò ní nígbà tí o bá fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Orúkọ tí ó wà ní iwájú rẹ̀ tẹ̀ lé ìyẹn ni.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ń fa iye wọn wálẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìdí rẹ̀ yóò mọ ibi tí èrè wà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kò ga (sedan) sílẹ̀, jíìpù ni púpọ̀ nínú wọn ń rà báyìí. Ní ọdún 2020 ni Lincoln dá ṣíṣe MKZ dúró ní ilé iṣẹ́ wọn ní Hermosillo ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, Continental náà sì kógbá wọlé ní ọdún kan náà, láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé jíìpù nìkan ni Lincoln ń tà ní Amẹ́ríkà. Cadillac pàápàá gbé ATS jáde fún ọdún 2013, wọ́n fún un ní oyè ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó dára jù ní Àríwá Amẹ́ríkà ní ọdún yẹn, síbẹ̀ kò ju ọdún 2018 lọ tí wọ́n fi pa èyí tí ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin tì, CT4 sì gba ipò rẹ̀ ní 2020. Bí orúkọ ọkọ̀ bá ń yípadà lemọ́lemọ́ báyìí, ọkàn ẹni tí ó fẹ́ ra àlòkù kì í balẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sì balẹ̀ kì í san owó gidi.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò, ìyẹn ni ẹ̀dínwó orí ọkọ̀ tuntun. Ká ní iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ jẹ́ $40,000, tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é sì yọ $5,000 kúrò kí ó lè tà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni gbogbo àlòkù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri ìlú ti dín lówó, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò fi $36,000 ra àlòkù nígbà tí tuntun ń lọ ní $35,000. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti fẹ́ràn irú ẹ̀dínwó yìí tipẹ́, ó sì ń ba iye àlòkù wọn jẹ́. Nítorí náà, tí o bá gbọ́ pé ọkọ̀ kan ti pàdánù ìdajì iye rẹ̀, béèrè bóyá iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ni wọ́n fi ṣírò ni, tàbí iye tí olówó san ní ti gidi, nítorí pé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lè pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí wọ́n gba ọkọ̀ lísì, ìyẹn ni pé wọ́n yá a lò fún iye ọdún kan kí wọ́n tó dá a padà. Ọdún mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ lísì, bí ó bá ti pé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kan náà á padà wá sí ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà tí ó bá sì kún ni owó rẹ̀ ń já. Àkókò yẹn gan-an ni ó yẹ kí ẹni tí ń wá àlòkù yọjú.

Ní ti Lexus, mi ò ní purọ́ fún ọ, ó ń di iye rẹ̀ mú ju àwọn wọ̀nyí lọ. Àwọn kan máa ń sọ pé MKZ kò níyì nítorí pé òun àti Fusion ti Ford, ilé iṣẹ́ tí ó ni Lincoln, jọ pín egungun ni, ṣùgbọ́n Lexus ES àti Camry ti Toyota, tí ó ni Lexus, náà jẹ́ ìbátan láti ọdún pípẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ènìyàn ní pé ọkọ̀ náà kò ní bàjẹ́ ni wọ́n ń san owó lé lórí, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n kọ́ irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀. Cadillac ba tirẹ̀ jẹ́ láti ọdún 1982 sí 1988 nígbà tí ó gbé Chevrolet Cavalier, ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú, wọ aṣọ olówó, tí ó sì pè é ní Cimarron. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ̀ nípa ọkọ̀ kò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ronú sí i dáadáa: iye gọbọi tí Lexus ń mú wá nígbà tí o bá ń tà á, ìwọ náà ni yóò san án nígbà tí o bá ń ra àlòkù rẹ̀. Cadillac ọlọ́dún mẹ́ta yóò pọ́n ọ lójú díẹ̀ nígbà títà, ṣùgbọ́n owó tí o fi pamọ́ nígbà rírà ti lè tó o láti fi dí àlàfo náà.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni owó báńkì. Ká ní ọkọ̀ tuntun náà jẹ́ $38,000, tí owó orí àti owó ìwé sọ ọ́ di $41,000, tí o kò san nǹkan kan sílẹ̀, tí báńkì sì fún ọ ní ọdún mẹ́fà pẹ̀lú èlé ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Nǹkan bíi $699 ni wàá máa san lóṣù. Lẹ́yìn ọdún méjì gbáko, wàá ṣì jẹ báńkì ní nǹkan bíi $29,200. Bí ọjà bá ní $24,000 ni ọkọ̀ náà tó lọ́jọ́ yẹn, o jẹ gbèsè $5,200 lé iye ọkọ̀ rẹ. Bí ìjàǹbá bá ba ọkọ̀ náà jẹ́ kọjá àtúnṣe, iye tí ọjà sọ ni ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò san, wàá sì fi owó ara rẹ san ìyókù, àyàfi bí o bá ní adójútòfò tí wọ́n ń pè ní gap. Tí o bá fẹ́ gap, kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò rẹ tàbí credit union (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù) kí o tó gbà á lọ́wọ́ díálà. Èyí tí ó burú jù ni kí díálà sọ fún ọ pé kí o má ṣe ìyọnu, òun yóò kó gbèsè àtijọ́ náà mọ́ ti ọkọ̀ tuntun. Jọ̀ọ́, bí o bá gbọ́ gbólóhùn yẹn, dìde kí o máa lọ sílé. Mo ti rí ìdílé tí ó ń san owó ọkọ̀ tí kò sí ní àgbàlá wọn mọ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o fi CT4 tuntun sílẹ̀. Wá CT4 ọlọ́dún mẹ́ta tí kò tíì rin 40,000 máìlì, san ó kéré tán ìdá kan nínú márùn-ún owó náà sílẹ̀, kí o má sì jẹ́ kí gbèsè náà ju ọdún mẹ́rin lọ. Wáráńtì Cadillac àti ti Lincoln jẹ́ ọdún mẹ́rin tàbí 50,000 máìlì lórí gbogbo ọkọ̀, àti ọdún mẹ́fà tàbí 70,000 máìlì lórí ẹ́ńjìnnì àti gíá, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Ọjọ́ tí wọ́n fún ẹni àkọ́kọ́ ní ọkọ̀ náà ni wọ́n ti ń kà á, ìyókù rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ. MKZ ní tirẹ̀ ti dàgbà, kí o kà á sí pé kò sí wáráńtì ilé iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀.

Olùbéèrè:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n, Olúwa yóò máa ṣí ọ̀nà fún yín. Mo ti rí MKZ 2018 kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 2.0, owó rẹ̀ sì wọ̀ mí lójú. Ẹni tí ó ń tà á sọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wò ó lọ́la. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ̀gbọ́n Onímọ́tò:

Má fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, bí ẹlòmíràn bá rà á, òmíràn yóò wà. Àwọn ẹ́ńjìnnì EcoBoost 2.0 kan tí Ford ṣe ní àwọn ọdún yẹn ni a mọ̀ mọ́ pé omi rèdíétọ̀ máa ń jò wọ inú sílíńdà wọn, àtúnṣe rẹ̀ sì lè gba ẹ́ńjìnnì tuntun. Ní kí ẹni náà má tan ọkọ̀ rárá kí o tó dé. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, wo ike omi náà bóyá ó wà láàárín ìlà méjèèjì. Lẹ́yìn náà, tan án, kí o dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n bí ó ti ń jí, tí èéfín funfun tí ń rùn bí ohun dídùn sì ń jáde tí kò tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, máa lọ.

Ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ka kóòdù ọkọ̀, ìyẹn àmì àìsàn tí kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń kọ sílẹ̀, kò wọ́n. Ihò rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, nítòsí orúnkún awakọ̀. Iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì lè ṣàìtàn kí ọkọ̀ sì ṣàìsàn, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ tà á lè ti pa àwọn kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ yẹn yóò fi hàn ọ́, nítorí pé bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́, àwọn àyẹ̀wò inú ọkọ̀ náà á ṣì máa sọ pé àwọn kò tíì parí, títí yóò fi rìn dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà pẹ̀lú: nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé lẹ́tà DOT ni ọjọ́ ìbí rẹ̀, bí o bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tí ó jẹ́ ẹyọ mẹ́tàdínlógún, wá a lórí ojú ìwé NHTSA, àjọ ìjọba tí ń rí sí ààbò ọkọ̀, bóyá wọ́n pè é padà fún àtúnṣe tí wọn kò tíì ṣe. Ọ̀fẹ́ ni wíwò rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ìwọ fúnra rẹ yàn. Ẹni tí ó bá kọ̀ kí mẹkáníìkì wò ó ti dá ọ lóhùn.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti títà kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Àbúrò, láti ọjọ́ tí o bá ti rà á ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú gbogbo rìsíìtì: ọ́ìlì, bírékì, táyà, gbogbo rẹ̀. Fún ọkọ̀ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba olùrà, ìwé ni ó ń lé ẹ̀rù náà jáde. Tọ́jú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì náà. Bí o bá sì lè tà á kí ó tó pé 100,000 máìlì, ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí nọ́ńbà yẹn bá ti fò kọjá, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tilẹ̀ pe fóònù rẹ mọ́.

Nígbà tí àkókò bá tó, wo Kelley Blue Book àti Edmunds, àwọn ojú ìwé tí ń sọ iye tí ọkọ̀ tó, kí o lè ní òye, lẹ́yìn náà kí o gba iye gidi ní ibi méjì tàbí mẹ́ta. CarMax, ilé iṣẹ́ tí ń ra ọkọ̀ àlòkù tí ó sì ń tà á, máa ń fún ènìyàn ní iye tí yóò dúró fún ọjọ́ méje, o sì lè fi ìyẹn dúnàádúrà lọ́dọ̀ díálà. Má gbàgbé owó orí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí o bá fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́dọ̀ díálà, àfikún tí o san nìkan ni wọn yóò gba owó orí lé lórí. Bí owó orí bá jẹ́ ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, tí díálà sì fún ọ ní $15,000, $900 ni ó ti yọ fún ọ, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ tààrà gbọ́dọ̀ san ju $15,900 lọ kí ó tó jẹ́ èrè. Kalifọ́níà kò sí nínú àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ kò ní fi èyí ṣírò.

Bí o bá tà á fún ẹnìkan tààrà, inú báńkì ẹni tí ó ń rà á ni kí ẹ ti pàdé, kí òṣìṣẹ́ báńkì kọ ìwé owó náà lójú rẹ. Ayédèrú ìwé owó báńkì pọ̀ nígboro. Bí gbèsè bá ṣì wà lórí ọkọ̀, béèrè lọ́wọ́ báńkì tìrẹ iye tí yóò parí gbèsè náà títí di ọjọ́ mẹ́wàá síwájú, kí ẹ lè san án níbẹ̀.

Olùbéèrè:

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Tí mo bá ti gba owó, ṣé kí n kàn fún ẹni tí ó rà á ní kọ́kọ́rọ́ àti title, ìwé ẹ̀rí ẹni tí ó ni ọkọ̀, ni?

Ìyá Ìbejì:

Rárá o. Buwọ́ lu title, ẹ jọ kọ ìwé títà tí ó ní ọjọ́, iye owó àti máìlì nínú, kí o ya fọ́tò rẹ̀ pamọ́. Wo òfin ìpínlẹ̀ rẹ nípa nọ́ńbà ọkọ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi ìwọ ni ó yẹ kí o tú u mú lọ sílé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí o sọ fún DMV, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, pé o ti tà á, kí o sì tó dá adójútòfò dúró, rí i pé wọ́n ti gba ìròyìn náà, nítorí pé títí wọn yóò fi gbà á, orúkọ rẹ ni àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tí ń gba owó afárá yóò máa wá.