Èsì: “Ìpínsíyẹ́lẹyẹ̀lẹ” kọ́ ni orúkọ ohun tó wà nínú ẹgàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ tí mo sì ń mú un mọ́ra, àmọ́ lẹ́tà Ọ̀jọ̀gbọ́n ti àná ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀: àbúrò wa kan tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ní igbó Omo, apá Ìjẹ̀bú, níbi tí gbogbo ayé mọ̀ sí J4, ló bi wá pé kí ni kí òun pe “biodiversity”, ìyẹn bí oríṣiríṣi igi, ẹranko, ẹyẹ àti kòkòrò ṣe ń gbé pọ̀ níbì kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó kọ “ìpínsíyẹ́lẹyẹ̀lẹ ohun alààyè”. Alàgbà tó ń gbé ní Ìbàdàn ní “onírúurú ẹ̀dá” ti tó. Ẹnì kẹta ní “ọ̀pọ̀ abẹ̀mí”. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fà á débi tí wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè ìwé tí olúkúlùkù kọ àti ọdún tó gboyè.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ “sí” inú ọ̀rọ̀ yín yìí wò. “Pín sí” ń wá odidi. Nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lódidi kí ẹnì kan tó lè pín in sí méjì, sí mẹ́ta, sí yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ta ló pín ìrókò kúrò lára ọ̀pẹ? Ta ló pín ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò lára ẹ̀tu? “Yẹ́lẹyẹ̀lẹ” fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ ni létí mi. Aṣọ ni í ya yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹ kọ ọ́ síwájú ọdẹ, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ìjọba fẹ́ dáàbò bo ohun tó ti fàya.

Mi ò ní ká da ọ̀rọ̀ náà nù o. Iṣẹ́ ń dúró dè é nínú ìwé kan náà. Ọdún 1925 ni wọ́n ti sọ igbó Omo di igbó ọba. Ní 1977 UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi tí gbogbo àgbáyé ń ṣọ́. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, erin inú ẹgàn tó kéré sí ti ọ̀dàn, tí etí rẹ̀ rí roboto. Àmọ́ oko kòkó ti wọ inú igbó yẹn, ọ̀nà àwọn agégẹdú ti là á kọjá, abúlé ti hù láàárín rẹ̀. Erin tó bá fẹ́ lọ mumi ní apá kejì, àfi kó gba oko olóko kọjá, ibẹ̀ ni ìjà ti ń dé. Ìyẹn gan-an ni “ìpínsíyẹ́lẹyẹ̀lẹ”: odidi kan wà, ọwọ́ ọmọ ènìyàn kàn án, ó di wẹ́wẹ́. Erin a máa jẹ èso òro, á gbé kóró rẹ̀ rìn jìnnà nínú ikùn, ibi tó bá yàgbẹ́ sí ni òro mìíràn yóò ti hù. Bí igbó bá ti já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kóró ò rìn mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n, “sí” yín àti “yẹ́lẹyẹ̀lẹ” yín bá eléyìí mu ṣinṣin. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó ni ín.

Ó ku “onírúurú ẹ̀dá”. Alàgbà, mo mọ̀ pé ẹ̀dá Ọlọ́run ni ìgbín, ẹ̀dá Ọlọ́run ni ewé. Ṣùgbọ́n ta ni “ẹ̀dá” lẹ́nu àwa tó ń sọ Yorùbá lónìí? Bí mo bá ní “ẹ̀dá ò láròpin”, ọkàn ẹnikẹ́ni nínú yín ò ní lọ sọ́dọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́. “Ìwà ẹ̀dá”, “ẹ̀dá burúkú”, “ẹ̀dá ọmọ aráyé”: ènìyàn ti gba orúkọ náà mọ́ gbogbo àwọn yòókù lọ́wọ́, bó ṣe gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ sọ fún àgbẹ̀ pé kó dáàbò bo onírúurú ẹ̀dá, á rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Ìgbò àti Hausa lẹ ń bá òun sọ.

“Ọ̀pọ̀ abẹ̀mí” ló dùn mí jù, torí iye kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Kí ẹni tó dábàá rẹ̀ jọ̀ọ́ wọ oko gmelina inú igbó Omo yìí kan náà, èyí tí wọ́n gbìn kí wọ́n lè máa fi igi rẹ̀ ṣe bébà ní Ìwòpin. Igi tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ewé gbígbẹ ń dún wàràwàrà lábẹ́ ẹsẹ̀. O rìn, o rìn, èèpo igi kan náà, ewé kan náà, kò sí ìtàkùn tó máa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ohùn ẹyẹ ò pọ̀. Ẹni tó ń kọjá nínú mọ́tò á ní igbó nìyí. Igi pọ̀ jaburata, irú igi ò ju ẹyọ kan lọ. Kó wá sọdá sínú ẹgàn gidi, níbi tí afàrà, ọ̀gánwó, ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti ọ̀mọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù ti dúró pọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kòkòrò tirẹ̀ àti ẹyẹ tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fara mọ́ ni “ọ̀kan-ò-jọ̀kan abẹ̀mí”. Ó ti wà lẹ́nu èèyàn tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan-ò-jọ̀kan aṣọ, ọ̀kan-ò-jọ̀kan ìtàn, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń lò ó lójoojúmọ́. Agbára rẹ̀ ni pé ó ń sọ pé bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn ò lè dípò rẹ̀. Ẹ̀gà kan wà tó dúdú, tó pupa lórí, tó jẹ́ pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé. Ìbàdàn ni àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ ní 1958, igbó tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, dá sí nínú ọgbà wọn ní Ìbàdàn sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí òkè Ìdànrè tí wọn kò rí níbòmíràn rí. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹyọ kan lára ọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba ti ohun ọ̀gbìn pẹ̀lú: èfùrù, igàngán, ewùrà, ẹsúrú, iṣu ni gbogbo wọn, ọ̀kan ò jọ̀kan.

Kí ẹni tó kọ “ọkàn-ò-jọkàn” nínú lẹ́tà ọjọ́ Àìkú jọ̀wọ́ wo àmì orí rẹ̀. Ọ̀kan ni, kì í ṣe ọkàn. Ẹ má sọ pé àmì ohùn ò ṣe pàtàkì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gà ń fọhùn ẹnu rẹ̀, wọ́n ní ó ń pàtótó, torí pé etí wọn ò yà á ni.

Ìyá wa tó ń kọ̀wé láti Kútọnu ní òun ò fẹ́ “abẹ̀mí”, pé “abi-” inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti abirùn àti abuké, pé ìpọ́njú ni í fi hàn. Ìyá, abiyamọ ńkọ́? Aboyún ńkọ́? “Abi-” ń fi ohun tó wà lára ẹni hàn, ó dára, kò dára. Wọ́n tún béèrè bóyá igi jẹ́ abẹ̀mí. Bàbá mi àgbà, ọdẹ tó tún ń ṣe ìṣègùn, kì í bu èèpo igi láìfi owó sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀, kò sì jẹ́ bù ú yíká. Ó ń bù níhà ìlà-oòrùn, ó ń bù níhà ìwọ̀-oòrùn, á fi àárín sílẹ̀ kí igi má baà kú. Á gbé èyí tó bù símú, á gbóòórùn rẹ̀, á dárúkọ igi náà láìwo ewé. Ta ní ń sanwó fún ohun tí kò ní ẹ̀mí?

Torí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan nínú yín ṣe ní a ò nílò ọ̀rọ̀ tuntun rárá, pé “èèwọ̀” ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ìṣègùn lọ́jà, ẹ wo orí igún gbígbẹ tó wà lórí àtẹ. Ní 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ ohun abẹ̀mí, fi igún sí ìpele tó kángun sí kó run tán nínú igbó. Èèwọ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá wà. Ó ṣiṣẹ́ ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nítorí pé àwọn aborẹ̀ àti Adùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria tó di olórìṣà, dúró gbọin-gbọin. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO gbà á wọlé ní 2005. Hẹ́kítà márùnléláàádọ́rin, wọn kì í dọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja, wọn kì í gégi. Síbẹ̀ omi Ọ̀ṣun ti pọ́n, ẹrẹ̀ àwọn awagóòlù láti apá Ìjẹ̀ṣà ló ń gbé bọ̀. Èèwọ̀ inú igbó kò dé orí òkè odò. Ibẹ̀ la ti nílò àdéhùn, àdéhùn sì nílò ọ̀rọ̀ tí tọ̀tún tòsì lè jọ gbọ́.

Ohun tó kù nìyí. Nínú ìwé pélébé náà, wọ́n pe igbó tí wọ́n fẹ́ dá sí láàárín oko méjì kí erin lè máa gbà kọjá ní “ọ̀dẹ̀dẹ̀ erin”. Mi ò lè fọwọ́ sí ìyẹn. Inú ilé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, olóko tó bá gbọ́ ọ á rò pé wọ́n fẹ́ kọ́lé fún erin lórí ilẹ̀ òun. “Ipa erin” wù mí, àmọ́ ipa lè jẹ́ ti ẹsẹ̀ tó ti kọjá lọ, kì í ṣe ti ilẹ̀ tí a dá sí. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú orí ẹgbẹ́ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá yín ń dọdẹ lọ́nà Ìjẹ̀bú Igbó títí dé J4, kí ni wọ́n ń pè é nílé yín? Àbúrò ń retí wa, wọ́n fẹ́ tẹ ìwé náà.