Script mi ń lẹ owó pọ̀ dípò kó ṣírò rẹ̀

Ọmọ Aláró, Òṣogbo:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Màmá mi ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba. Alaalẹ́ la jọ máa ń ṣírò owó ọjà, ni mo bá kọ script Python (ètò kọ̀ǹpútà) kékeré kan. Mi ò fẹ́ kó máa bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, torí aṣọ lè tó ogún lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo fẹ́ kọ orúkọ aṣọ, owó rẹ̀ àti owó ìránṣọ sí ẹ̀yìn orúkọ fáìlì, kí n tẹ Enter, kó parí.

```
import sys
aso = sys.argv[1]
owo = sys.argv[2]
iran = sys.argv[3]
print(aso, owo + iran)
```

Mo tẹ `python3 owo.py Oniko 6500 500`, ó ní `Oniko 6500500`. Mo tẹ Adire Eleko 6500 500, ó ní `Adire Eleko6500`, 500 ti wọgbó. Màmá ti ní kí n padà sídìí ìwé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Bàbá Òkè-Fìà:
Àbúrò, bá mi kí màmá. Kọ́kọ́ fi `print(sys.argv)` sí abẹ́ `import sys`, kí o fojú ara rẹ rí i:

`['owo.py', 'Adire', 'Eleko', '6500', '500']`

Ṣé o rí àmì tó yí 6500 ká? Ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe nọ́ńbà. Gbogbo ohun tó bá gba ojú terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ) wọlé, ọ̀rọ̀ ni Python kà á sí, àmì + sì máa ń rán ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ bí ìgbà tí a rán etí aṣọ mọ́ etí aṣọ. Kọ `int(sys.argv[2])` àti `int(sys.argv[3])`.

Ti Eleko, kì í ṣe Python ló gé e. Shell, ètò tó ń gba àṣẹ tí o bá tẹ̀, ló ń gé ọ̀rọ̀ níbi tó bá ti rí àlàfo, kí Python tó jí rárá. Fi àmì sí i: `"Adire Eleko"`. Alámì méjì (") ni kí o lò, torí alámì kan (') kì í ṣiṣẹ́ nínú cmd Windows.

Aṣọ̀ṣẹ́:
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ṣùgbọ́n tí o bá gbàgbé owó ìránṣọ, àṣìṣe IndexError ni yóò jù sí ọ lójú. Lo argparse, ohun èlò tó ń ka ohun tí a kọ sẹ́yìn orúkọ fáìlì. Inú Python ló wà, kò ní jẹ dátà rẹ.

```
import argparse
p = argparse.ArgumentParser()
p.add_argument("aso")
p.add_argument("owo", type=int)
p.add_argument("--iran", type=int, default=0)
a = p.parse_args()
print(a.aso, a.owo + a.iran)
```

Aṣọ tí wọ́n rán, kọ `--iran 500` sí i; èyí tí wọn ò rán, má wulẹ̀ kọ `--iran`. Tí ẹlòmíì bá fẹ́ lò ó, kó tẹ `-h`, yóò rí ohun tó yẹ kó kọ.

Ọmọ Aláró, Òṣogbo:
Ẹ ṣeun gan-an ni! Ó kọ́kọ́ kọ̀ fún mi, ó ní `invalid int value: '6,500'`, torí bí màmá ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú kọ́mà, ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Òkè-Fìà:
Má fi dun màmá pé wọ́n fi kọ́mà sí i. Script ni kó gbọ́ tiwọn. Fi èyí sí abẹ́ `import argparse`:

```
def naira(x):
    return int(x.replace(",", ""))
```

Kí o wá kọ `type=naira` níbi tí `type=int` wà, ní ibi méjèèjì.

Ọmọ Aláró, Òṣogbo:
Ó ti ṣiṣẹ́ o! A ṣírò aṣọ mẹ́tàdínlógún lálẹ́ yìí, ó sì bá ti inú ìwé màmá mu, kọ́bọ̀ kan ò yẹ̀.