Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí eré 400 mítà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 19 ni mí, ó sì wù mí tọkàntọkàn kí n di sáréesáré tó ń gba àmì ẹ̀yẹ. 300 mítà àkọ́kọ́ kì í ni mí lára rárá. Àmọ́ tí mo bá ti yọ sí 100 mítà tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi á wúwo bí òjé, èjìká mi á ká sókè, àwọn tí mo ti fi sẹ́yìn á sì kọjá mi. Wayde van Niekerk, sáréesáré ọmọ South Africa, sá tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 43.03 níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Rio lọ́dún 2016, láti ojú ọ̀nà kẹjọ! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá a rí, ṣé kí n fi kún eré ọ̀nà jíjìn ni, àbí kí n máa sá 300 léraléra? Ọjọ́ mélòó lẹ fi ń sinmi lọ́sẹ̀?