Ìmọ̀ràn lórí ewédò tí a fi náítírójìn dù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀. Mò ń sin ewédò kékeré onísẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Chlamydomonas reinhardtii, mo sì fẹ́ kí ó kó òróró pamọ́ sára. Nígbà tí mo gbé e sínú omi tí kò ní náítírójìn, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò pín mọ́, ó sì ń pọ́n bí ewé tó fẹ́ já bọ́, nítorí pé kolorofíìlì rẹ̀ (èròjà tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀) ń dín kù bí sítáàṣì àti òróró ṣe ń pọ̀ nínú rẹ̀. Mo fi ásítéètì (èròjà oníkábọ́ọ̀nù tí ó lè jẹ) kún un, òróró sì pọ̀ sí i gan-an, àmọ́ iye sẹ́ẹ̀lì náà kò tó nǹkan. Ṣé kí n máa yọ náítírójìn lójijì ni, àbí kí n jẹ́ kí ó jẹ ẹ́ tán fúnra rẹ̀, kí àpapọ̀ òróró inú ìgò kan lè pọ̀ jù? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.